Ẹsẹ̀ Bàtà Mẹ́jọ Tí Òkè Gbé Mì

Èmi ni mo ka ìwé ilẹ̀ náà sókè, ẹnikẹ́ni kò rán mi. Ká ní mo pa ẹnu mi dé lọ́jọ́ náà ni, bàbá mi ì bá ká ìwé rẹ̀ sínú àpótí, ì bá sì máa bá àbúrò rẹ̀ jẹun lọ. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù fọ́ọ̀ ni mo wà, ní nǹkan bí ọdún 1980, mo sì ti kàwé débi pé bí mo bá rí páálí ọṣẹ nílẹ̀, n ó ka ohun tó wà lára rẹ̀ sókè ketekete, kí gbogbo ilé lè mọ̀ pé kì í ṣe eré ni mo ń lọ ṣe l'Ọ́wọ̀. Ẹnu mi ló kó bá mi. Títí dòní, bí mo bá rántí rẹ̀, ó ń dùn mí.

Ìpele, ìlú tó wà lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ni ilé wa. Ọmọ ìyá kan, bàbá kan ni bàbá mi àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí àwa ọmọ ń pè ní bàbá kékeré. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, káfíńtà ni bàbá kékeré; bí òjò bá ń rọ̀ ní àdúgbò wa tí kò pa ẹ́ nínú ilé, òun ló kan òrùlé tó wà lórí rẹ. Nígbà tí bàbá tó bí wọn kú, kí wọ́n tó bí mi, wọ́n pín ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé sí méjì. Okùn kan náà ni wọ́n fi wọn méjèèjì, ẹsẹ̀ bàtà ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ mú, bàbá mi sì mú èyí tó gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè lọ. Ó ní afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, àgbàrá kò sì lè bá òun jà. Bàbá kékeré mú pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n gbin pèrègún sí ààlà, ọ̀rọ̀ parí. Láti ìgbà náà, àràárọ̀ ni wọ́n jọ ń jẹ iyán nínú àwo kan, wọ́n á máa bú ọbẹ̀ ìyàwó ara wọn, wọ́n á sì lá àwo mọ́.

Nígbà tó yá ni ariwo dé pé ilẹ̀ tí kò bá ní ìwé, ìjọba máa gbà á. N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú gbà á gbọ́. Àwọn méjèèjì bá pe awọnlẹ̀ kan wá láti Ọ̀wọ̀. Ọkùnrin náà gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀, ó di ojú kan, ó ń fi èkejì yọjú wo inú rẹ̀. Bàbá mi kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ó ní, "Ẹni tó ń fojú kan wo ilẹ̀, ṣé kì í ṣe ìdajì ló máa rí?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, bàbá kékeré náà rẹ́rìn-ín.

Ìwé dé nígbà ìsinmi ọdún Àjíǹde, mo sì wà nílé. Mo já a gbà lọ́wọ́ ẹni tó mú un wá, mo dúró sí àárín ilé bí olùkàwé ṣọ́ọ̀ṣì. Ti bàbá kékeré, ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà. Ti bàbá mi, méjìléláàádọ́rùn-ún.

Bàbá mi ní, "Tún un kà."

Mo tún un kà.

"Kà á díẹ̀díẹ̀."

Mo kà á díẹ̀díẹ̀. Kò pọ̀ sí i. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, òun tí kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ tó kù ti lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú okùn, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Èmi di etí kan mú lórí òkè, òun di èkejì mú nídìí pèrègún. Ọgọ́rùn-ún. A tún un wọ̀n. Ọgọ́rùn-ún géérégé. Ó wá dúró ti pèrègún náà, ó ń wò ó láti òkè dé ilẹ̀ bí ẹni tó mú olè.

Ó ní, "Igi kì í rìn. Ènìyàn ló ń gbé e. Wọ́n ti sún un sókè lọ́jọ́ tí awọnlẹ̀ wá, wọ́n sì ti dá a padà."

Lọ́jọ́ kejì, bàbá kékeré dé bó ṣe máa ń dé, ó ti fọ ọwọ́ rẹ̀ láti ilé. Kò bá àwo níta. Bàbá mi ti gbé oúnjẹ rẹ̀ wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, láti inú yàrá ló sì ti dáhùn pé, "Mo ti jẹun." Mo rí bàbá kékeré tó dúró sójú kan, omi ń kán láti ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbòǹwọ́. Kò béèrè pé kí ni òun ṣe. Kò bínú, kò pariwo. Ó kàn yí padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo ní nínú ara mi pé, ẹ wo onísùúrù ènìyàn!

Ní ọjọ́ kẹta, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé bàbá kékeré wú pèrègún ó sì sún un lọ sókè. Ìyá mi ń sunkún nídìí ààrò, ìyàwó bàbá kékeré kò bá a yá ajere mọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́ láyé nígbà náà: kí àwọn bàbá méjèèjì padà sídìí àwo kan. Èmi ni mo fi ẹnu mi tú wọn ká, mo sì búra pé orí mi ni n ó fi kó wọn jọ.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé mo mọ ibi tí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ náà wọlẹ̀ sí. Ọmọ agùnbánirọ̀ kan ló ń kọ́ wa ní ìṣirò lọ́dún náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tínínrín kan tó máa ń sọ̀rọ̀ òṣùpá bí ẹni tó ní ará ilé níbẹ̀. Ó kó wa lọ sí pápá, ó ní kí a na àtàǹpàkò síwájú, kí a di ojú ọ̀tún, kí a là á, kí a di tòsì, kí a rí bí àtàǹpàkò ṣe ń fò láti ara ọ̀pẹ kan bọ́ sára òmíràn. Ó ní bí ènìyàn méjì bá dúró síbi tó jìnnà síra, tí wọ́n jọ wo òṣùpá lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ náà ni òṣùpá yóò ṣe fò díẹ̀, ìyẹn ni wọ́n sì fi ń ṣírò bó ṣe jìnnà sí wa tó, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbẹ́sẹ̀ kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí àkàbà bá fara ti ògiri, gígùn àkàbà ọ̀tọ̀, ilẹ̀ tó gbà ọ̀tọ̀. Bó bá ṣe ń nàró sí i ni ilẹ̀ tó ń gbà ń kéré sí i. Ilẹ̀ tí àkàbà gbà ni àwọn awọnlẹ̀ ń kọ sínú ìwé, wọn kì í kọ gígùn àkàbà.

Mo fi igi ya onígun mẹ́ta sílẹ̀ níwájú bàbá mi. Mo ní, "Bàbá, ẹnikẹ́ni kò jí nǹkan kan. Òkè ló gbé e mì."

Ó wo àwòrán náà títí. "Ta ló kọ́ ọ ní èyí?"

"Tíṣà wa ni. Òun náà ló sọ bí òṣùpá ṣe jìnnà tó fún wa."

"Wọ́n ti wọn òṣùpá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ta ló di etí okùn mú lọ́hùn-ún?"

Mo ní wọn kò lo okùn. Háà! Ó ṣàánú mi. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ó ní ẹni tí kò fi okùn wọn òṣùpá àti ẹni tó ń fojú kan wọn ilẹ̀, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n, kí n ṣọ́ra fún wọn, wọn á gba ẹ̀kọ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀wọ̀ lọ́dọ̀ àwọn awọnlẹ̀. Akọ̀wé wọn sọ fún un pé bí ènìyàn bá wo ilẹ̀ náà láti ojú ọ̀run wá, méjìléláàádọ́rùn-ún ni. Bàbá mi bi í léèrè pé ta ló ń kọ ebè láti ojú ọ̀run. Wọ́n rọra mú un jáde.

Ẹ má rò pé bàbá mi gọ̀ o. Ó padà dé, ó mú mi lọ sóko, ó ní kí n ka ebè tó wà lórí ìlà kan lórí òkè. Ogún. Ó ní kí n yọjú wo ti bàbá kékeré nísàlẹ̀. Ogún. Ó ní, "Bí òkè bá gbé ilẹ̀ mì, kí ló dé tí kò gbé ebè mì?" Mo ronú, ronú. Mo ṣí ìwé jọ́mẹ́tírì mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lọ́jọ́ náà, n kò rí iṣu kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Inú ọ̀rọ̀ mi náà ló ti wá mú ohun tó ṣe lẹ́yìn náà. Ó ní tó bá jẹ́ òkè ló jẹ́ kí ilẹ̀ òun kúrú, a jẹ́ pé kí òun pa òkè náà rẹ́, kí ilẹ̀ tẹ́jú, kí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ òun lè jáde síta. Ọ̀rọ̀ ńlá! Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó gbé ọkọ́ àti ṣọ́bìrì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ òkè. Mo ní, "Bàbá, bí ẹ bá tiẹ̀ gbẹ́ ẹ tán, ìyẹn gan-an ló máa wá jẹ́ méjìléláàádọ́rùn-ún." Ó ní kí n gbẹ́nu mi sọ́hùn-ún. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi gbẹ́ ẹ, láti àárọ̀ títí oòrùn á fi mú. Àwọn tó ń lọ sóko ń dúró wò ó. Àwọn ọmọ ń kọrin tẹ̀ lé e. Ẹnìkan bi í pé ṣé kànga ni, ó ní rárá, ilẹ̀ òun ni òun ń wá. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré lọ́sàn-án lásán, ni àwọn àgbà kàn ń wí, wọ́n á mi orí, wọ́n á kọjá. Ojú tì mí débi pé ọ̀nà ẹ̀yìn ni mò ń gbà lọ pọnmi.

Ní ọjọ́ karùn-ún, òjò ńlá kan rọ̀. Gbogbo yẹ̀pẹ̀ tí bàbá mi ti fi ọjọ́ mẹ́rin gbẹ́, àgbàrá wọ́ ọ lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó dà á sílẹ̀ bẹẹrẹ títí dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù bàbá kékeré. Bàbá mi jáde láàárọ̀, ó rí i, ó ká ọwọ́ lérí.

"Yéè! Ẹ gbà mí o! Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ kò tó o, ó tún ti fi òjò wá kó ìyókù!"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti di ti àwọn àgbà. Àwọn bàbá márùn-ún ní àdúgbò ní àwọn máa jókòó lé e, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí ó bọ́ sí ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo mú, kí wọ́n sì jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn wọ́n. Tíṣà wa ti sọ fún wa pé ìgbà méjì lọ́dún ni oòrùn máa ń dúró sí àtàrí wa gan-an ní agbègbè yìí, pé ọ̀kan bọ́ sí àsìkò ọdún Àjíǹde. Bí ènìyàn bá ri igi mọ́lẹ̀ ní ọ̀sán gangan ọjọ́ náà, kò ní ní òjìji. Bí oòrùn bá ṣe ń wolẹ̀ tààrà nígbà náà ni awọnlẹ̀ ṣe ń wo ilẹ̀. Mo ní bí bàbá mi kò bá gba tíṣà gbọ́, tí kò gba akọ̀wé gbọ́, ṣé yóò pe oòrùn lónírọ́? Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó dáa, kí oòrùn wá jẹ́rìí.

Pákó ló kù. Mo lọ bá bàbá kékeré ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní kí ó yá mi ní pákó ẹlẹ́sẹ̀ bàtà méjìlá kan tó gún dáadáa. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ṣàlàyé fún un tayọ̀tayọ̀: gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àkàbà, oòrùn, gbogbo rẹ̀. Ó gbé ayùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń gbá ìfọ́ pákó tó wà lórí tábìlì jọ, ó ń tú u ká, ó tún ń gbá a jọ.

Ó ní, "Ọmọ mi, jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí lọ. Sọ fún bàbá rẹ pé n ó sún pèrègún náà sísàlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ. Kó máa gbà á."

Inú bí mi. Mo ní, "Kí lẹ ṣe? Bí ẹ bá fún wọn, ṣé kì í ṣe pé ẹ ti gbà pé olè ni yín nìyẹn? Ẹ ò jí nǹkan kan! N ó fi hàn gbogbo ayé."

"Má fi hàn wọ́n. Mo bẹ̀ ọ́."

Àgbà tó ń bẹ ọmọdé! Mo rò pé ìwà ìrẹ̀lẹ̀ ni. Omi bọ́ lójú mi nítorí rẹ̀, mo sì wá túbọ̀ pinnu. Nígbà tó rí i pé mi ò ní lọ, ó bá mi gbé pákó náà dé ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ pé. Gbogbo àdúgbò ló wá, bí ìgbà tí wọ́n ń wo àwòrán sinimá. Mo ti so okùn òwú àti òkúta kékeré mọ́ ike ìwọ̀n igun tó wà nínú agolo jọ́mẹ́tírì mi, mo ti fi wo òkè wa láti ìsàlẹ̀: díígírì mẹ́tàlélógún. Mo gbé odó lé orí tábìlì, mo fi orí pákó lé odó, ìdí rẹ̀ wà nílẹ̀, mo ń gbé e sókè, mo ń gbé e sílẹ̀, títí pákó náà fi dagẹ̀rẹ́ bí òkè ṣe dagẹ̀rẹ́. Mo ri igi kan mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti mọ ìgbà tí ọ̀sán bá pé. Àwọn àgbà márùn-ún jókòó, olúkúlùkù pẹ̀lú agboòrùn tirẹ̀. Wọ́n fẹ́ wo pákó náà dáadáa, wọ́n sún mọ́ ọn, ni agboòrùn márùn-ún bá bo pákó mọ́lẹ̀ pátápátá, òjìji pákó kò sí mọ́.

Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ká agboòrùn yín."

Wọ́n ní oòrùn ń mú. Mo ní òun náà ni a pè wá jẹ́rìí. Wọ́n ká a, wọ́n ń ráhùn. Ìgbà náà gan-an ni ìkùukùu wá bo oòrùn. A dúró. Ẹlẹ́rìí wa kọ̀, kò yọjú. Bàbá àgbà kan ti sùn lọ, fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, àgbébọ̀ kan ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá á gba ẹyin. Òmíràn ní ṣé kò yẹ kí wọ́n bẹ oòrùn. Bàbá mi ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo fi nǹkan bo oòrùn. Bàbá kékeré dúró sí ẹ̀yìn gbogbo ènìyàn, nídìí ògiri.

Ni oòrùn bá yọ lójijì. Mo wo igi tí mo rì: kò ní òjìji, ó kàn dúró sórí ara rẹ̀. Mo sáré kan èèkàn sí ibi tí òjìji pákó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí. Mo ní kí bàbá mi fúnra rẹ̀ wọ̀n ọ́n, kí wọ́n má sọ pé mo ṣe màgòmágó. Ó wọn pákó: méjìlá. Ó wọn òjìji: mọ́kànlá. Ó tún un wọ̀n. Ó fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó fi apá wọ̀n ọ́n. Ó dìde, ó wo òkè rẹ̀, ó wo pákó, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti yé e, ó wọlé. Ó wọlé!

Ó ní, "Ẹyọ kan nínú méjìlá. Nínú ọgọ́rùn-ún ńkọ́?"

"Mẹ́jọ, bàbá. Ó tiẹ̀ lé díẹ̀."

Bàbá àgbà tó ti sùn tẹ́lẹ̀ jí, ó ní, "Oòrùn ni olè!" Gbogbo agbo bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n dá oòrùn lẹ́bi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹnìkan ní kí wọ́n rán ọlọ́pàá sí i. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wo ọ̀nà ibi tí àbúrò rẹ̀ dúró sí, ó ti ń lọ síbẹ̀, ó ti na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Inú mi dùn débi pé mò ń fò sókè. Mo ní ẹ wò ó, ẹ wò ó, ìwé tó tú wọn ká náà ló kó wọn jọ.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà, tó kàn fẹ́ ṣàwàdà, pe bàbá kékeré. Ó ní, "Ìwọ káfíńtà, o ò mọ irú nǹkan báyìí tẹ́lẹ̀ ni, tí ọmọdé fi wá ń kọ́ wa?"

Ká ní bàbá kékeré kàn sọ pé òun kò mọ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Ṣùgbọ́n ènìyàn tí kì í purọ́ ni. Ó ní, "Kò sí káfíńtà tí kò mọ̀ ọ́n. Bí yàrá bá fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlá, pákó òrùlé rẹ̀ á ju mọ́kànlá lọ. Òun ni ọ̀gá wa kọ́kọ́ kọ́ wa."

Bàbá mi dúró. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínà.

Ó ní, "Nígbà tí a ń pín ilẹ̀, o ti kọ́ṣẹ́ tán."

Bàbá kékeré kúrò nídìí ògiri, ó ń bọ̀ síwájú.

"Ìwọ ló di okùn mú nísàlẹ̀. O mọ̀ pé ti òkè kò tó?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti mú tiyín kí n tó rò ó tán. Ẹ ti ní ilé bàbá wa, ẹ ti ní ìbọn, ẹ ti ní oko odò. Mo rò ó nínú ara mi pé, lẹ́ẹ̀kan yìí, kó jẹ́ tèmi ló pọ̀ díẹ̀." Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sínú yẹ̀pẹ̀ tí àgbàrá kó wá. "Ẹ gba ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ náà. Ẹ gba mẹ́rìndínlógún."

Bàbá mi ní, "Ilẹ̀ kọ́ ni mò ń sọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gbẹ́ òkè." Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. "Fèrèsé rẹ kọjú sí mi. Àwọn ọmọdé ń fi mí kọrin. O jókòó síbẹ̀, o ń fá pákó, o mọ̀, o ń wò mí."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn àgbà ní kí wọ́n dárí ji ara wọn, wọ́n fi ọwọ́ ìkíní lé ti ìkejì, bàbá mi gbà, kò jiyàn. Ó ní kí bàbá kékeré má sún pèrègún kankan. Mo tú pákó kúrò lórí odó, mo gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù. N kò lè wo ojú bàbá kékeré. Ó ti bẹ̀ mí, ó ti ní kí n má fi hàn wọ́n, èmi ọ̀mọ̀wé.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi gún iyán tó pọ̀. Bàbá mi gbé àga méjì síta, ó gbé àwo kan ṣoṣo sáàárín wọn, ó jókòó. Nígbà tó ṣe, bàbá kékeré yọ láti ẹ̀yìn pèrègún, pákò lẹ́nu rẹ̀, ó ń rìn bí ẹni tó ń wọ oko olóko. Bàbá mi dìde fún un. Ó tún aṣọ rẹ̀ ró dáadáa. Ní ilé wa, ohùn ìlú wa ni a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Yorùbá ìwé, fún àlejò ni, fún tíṣà, fún awọnlẹ̀. Yorùbá ìwé náà ni bàbá mi sọ sí àbúrò rẹ̀, kedere, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, sà. Ẹ kú ìrìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó, ẹ bá wa jẹun."

Bàbá kékeré yọ pákò kúrò lẹ́nu. Kò wo bàbá mi. Èmi ló wò, bí ẹni pé èmi ni kí n túmọ̀ rẹ̀ fún òun.